"Ó Dára" Nìkan Kò Tó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Yinni yinni, kí ẹni lè ṣe òmíràn." Kò sí ẹni tí òwe yìí ṣàjèjì sí nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi. Bí a bá ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Yorùbá nínú ọgbà yìí, tí ẹnì kan sì ké ewì tirẹ̀ tán, òwe náà ni alága fi ń rán wa létí pé kí a pàtẹ́wọ́. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí mo fi rò pé mo mọ ohun tó ń sọ. Àṣé etí mi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò lónìí, n kò sì ní gbè lẹ́yìn ara mi.

Ìkòtún ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti dàgbà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bá mọ Ìkòtún yóò sọ pé ibẹ̀ kọ́ ni à ń wá ewì lọ. Láti ìdájí ni àwọn ọmọ ọkọ̀ ti ń lọgun Ìgàndó, Ìdímù, Ìjẹ́gun. Bí ariwo ọjà bá rọlẹ̀ lálẹ́, ti jẹnẹrétọ̀ a bẹ̀rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sinmi, ti àwọn tó ń ṣe ìṣọ́ òru a gbà á. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yà Yorùbá tí ẹ kò ní bá níbẹ̀ lónìí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ará Ọ̀yọ́ àti ará Èkìtì jọ ń dúró de omi lẹ́nu kànga ẹ̀rọ kan náà.

Nínú ariwo yìí ni àwa méje kan ti máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Télọ̀. Bọ̀dá Télọ̀ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Bàbá Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀. Awakọ̀ dánfó kan wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin Èkìtì kan tó ń kọ́ iṣẹ́ irun dídì náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n ti tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde rí nínú wa. Ẹni tó bá ní ewì lọ́wọ́ yóò kà á, àwọn tó kù yóò sì sọ ohun tí wọ́n rí. Nítorí pé èmi ni mo ń kọ́ ìmọ̀ Yorùbá ní yunifásítì, wọ́n sọ mí ní Pùròfẹ́sọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà. Oyè náà dùn mọ́ mi, n kò sì ní purọ́.

Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin onídìrí yìí mú ojú ìwé méjì wá. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n bó ti ń kà á. Nígbà tó kà á tán, mo gba ìwé náà, mo yọ báírò pupa tí mo máa ń mú kiri nígbà náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò fi àmì ohùn kan ṣoṣo sórí ọ̀rọ̀. Ó kọ "ulé" níbi tí àwa ń kọ "ilé". Mo fà á lé. Ó kọ "ọkọ" níbi tó yẹ kó kọ "ọkọ̀". Inú mi dùn bí ẹni rí ẹran ìgbẹ́. Mo bi í pé, "Ọkọ wo ló ń sáré lójú títì yìí, ṣé ọkọ tó fẹ́ ọ ni àbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ká ìwé rẹ̀, ó fi sínú àpò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a kò rí i. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí kò yọjú, Bàbá Tíṣà wò mí, ó ní, "Pùròfẹ́sọ̀, kí ni ewì ọmọ yẹn ń sọ gan-an?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò lè dáhùn. Mo mọ̀ pé mo fi báírò kan ojú ìwé náà ní ibi mẹ́tàlélógójì, nítorí mo kà á. Ohun tí ewì náà ń sọ ni n kò mọ̀. Bàbá Tíṣà ló sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tó ju ẹgba lọ: baba ọmọ náà ń wa ọkọ̀ láti Adó-Èkìtì wá sí Èkó, ní ọjọ́ kan ó jáde kò sì padà wálé mọ́. Ilé tí kò padà sí ni ọmọ náà pè ní "ulé". Bí baba rẹ̀ ti ń pè é nìyẹn.

Ẹ̀rù bà mí láti ọjọ́ yẹn. Mo kó báírò pupa sílé. Mo wá di aláàánú: ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni bá kà, "Ó dára" ni mo ń sọ. Ìyẹn dùn mọ́ wọn, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn. Ẹ kò ní rí ẹni tó ń sunkún nítorí "ó dára".

Kò pẹ́ ni Bọ̀dá Télọ̀ ní òun yóò ké ewì níbi ìgbéyàwó ọmọ oníbàárà òun kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó kà á fún mi ṣáájú. Ọmọ Ọ̀fà ni baba ìyàwó, ṣùgbọ́n inú ewì náà ni Bọ̀dá ti ń pe ìyàwó ní ọmọ Oníkòyí, tó ń ki wọ́n ní jagunjagun. Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì oríkì orílẹ̀ wa lẹ́ẹ̀kan mọ̀ pé ogun ni a fi ń ki Oníkòyí, ìjàkadì sì ni ti Ọ̀fà, ọmọ Iyèrú Ọ̀kín. Mo rí àṣìṣe náà kedere. Mo wo ojú Bọ̀dá, mo rí bí inú rẹ̀ ti ń dùn, mo rántí onídìrí, mo sì ní, "Ó dára gan-an, Bọ̀dá."

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, kò tíì dé ìdajì tí bàbá arúgbó kan fi dìde láàárín àwọn ẹbí ìyàwó. Ó na ọ̀pá sókè, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń kì níbẹ̀? Àbí o ṣi ilé yà ni?" Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú. Bọ̀dá Télọ̀ tọrọ àforíjì, ó sì jókòó. Nígbà tí à ń padà bọ̀ wá sí Ìkòtún nínú ọkọ̀, ó bi mí pé, "Àbúrò, ṣé o kò rí i ni?" Mo ní mo rí i. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Èmi ṣe bí o fẹ́ràn mi."

Mo ti ba iṣẹ́ akéwì méjì jẹ́: mo fi ìbáwí ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, mo fi ìyìn ba ti èkejì jẹ́. Ó wá di dandan kí n bi ara mi bí àwọn baba wa ti ń ṣe é.

Ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Babalọlá kọ lórí ìjálá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1966, ni ó kọ́kọ́ là mí lójú. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé bí oníjàálá kan bá ń sun ìjálá lójú agbo, tó sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ, oníjàálá mìíràn lè dá a dúró ní gbangba pé ohun tó sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá dúró kò ní sá lọ sílé. Ó ní èsì tirẹ̀ láti fi gbèjà ara rẹ̀, yóò fi ìjálá fọ̀ ọ́, eré yóò sì máa bá a lọ. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, kí ló dé tí ìyẹn kò fi pa oníjàálá, tí tèmi sì lé onídìrí lọ? Ohun tí mo rí ni pé ọdẹ tó ń báni wí níbẹ̀, oníjàálá ni òun náà. Bó bá kan òun, òun náà yóò la ẹnu, àwọn tó kù yóò sì tẹ́tí sí i láti mú àṣìṣe tirẹ̀. Ẹnu tó ń báni wí ti wà nínú ewu kan náà pẹ̀lú ẹnu tí wọ́n ń bá wí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹkún ìyàwó ní agbègbè Ọ̀yọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ọmọbìnrin tó bá ń lọ ilé ọkọ ló ń sun ún, ìbáà jẹ́ olóhùn iyọ̀, ìbáà jẹ́ olóhùn òkúta. Ẹnu àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti sun tiwọn ló ti ń kọ́ ọ, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń bá a kiri bó ti ń sun ún. Ẹni tó ń kọ́ ọ ti sunkún náà rí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 1958, nígbà tí J. P. Clark ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ó dá ìwé ìròyìn ewì kékeré kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Horn. Olùkọ́ wọn, Martin Banham, ló gbà wọ́n níyànjú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà wúlò fún wa: ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ewì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, akéwì ni òun alára. Bí a bá sì wo ti èdè wa, ta ni kò gbọ́ orúkọ Lánrewájú Adépọ̀jù tó dágbére fáyé ní 2023? Kò rí ilé-ẹ̀kọ́ lọ bí àwa ti ń lọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé. Bí ẹnì kan bá ti fi báírò pupa pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rédíò, kí ni à bá máa gbọ́ lónìí?

Ìgbà náà ni ojú tì mí, nítorí mo rántí ohun kan. Láti ìgbà tí a ti ń pàdé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Télọ̀, èmi Pùròfẹ́sọ̀ kò mú ewì kan ṣoṣo wá rí.

Mo lọ bá ọmọbìnrin onídìrí ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gbọ́ ewì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní òun ti fa ìwé náà ya. Ó ń di irun lọ, ó sì ń rántí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kà á sí mi létí. Nígbà tó dé ibì kan, ó dúró. Ó wá a títí, kò rí i. Ìlà méjì ni, ọ̀kan nínú ibi tí mo ti fa báírò kọjá. Ìlà méjèèjì yẹn ti lọ títí di òní, ẹ̀yin òǹkàwé mi, èmi ni mo sì jẹ gbèsè wọn.

Mo sọ fún un pé ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń gbé oúnjẹ baba sílẹ̀ di ìdájí ló mú mi jù. Mo bi í bí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì ṣe mọ̀ pé baba kò ní dé mọ́. Mo ní kó fi "ulé" sílẹ̀ bó ti wà, ṣùgbọ́n kó fi àmì sórí "ọkọ̀", kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má bàa ṣì í kà. Ìyìn kan, ìbéèrè kan, àtúnṣe kan: gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Kò ṣèlérí pé òun yóò padà wá.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, èmi náà mú ewì tèmi lọ, mo sì kà á. Ọwọ́ mi gbọ̀n ju bí tirẹ̀ ti gbọ̀n lọ. Bọ̀dá Télọ̀ ní òpin rẹ̀ gùn jù, ó sì sọ ibi tí òun ìbá ti gé e bó bá jẹ́ aṣọ. Ibi tí mo ti ń ṣe ọpẹ́ lọ́wọ́ ni onídìrí wọlé. Ó ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìlà kẹta wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n, Bọ̀dá, ta lẹ ń bá wí níbi tó kẹ́yìn yẹn?"

N kò ní kí a sọ àmì ohùn nù o. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni mí; mo mọ ohun tí "ọkọ" àti "ọkọ̀" lè dá sílẹ̀. N kò sì ní kí a máa pàtẹ́wọ́ fún àṣìṣe. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ewì ẹlẹgbẹ́ ẹni kì í ṣe ìwé ìdánwò. Kí á gbọ́ ohun tó ń sọ kí a tó wo bó ti kọ ọ́. Kí á tọ́ka sí ibi tó dára ní pàtó, nítorí ẹni tí a sọ fún pé "ó dára" kò tíì mọ ohun tí yóò tún ṣe. Bí a bá rí àṣìṣe, kí á sọ ọ́ fún un nílé, kí ará ìta má bàa bá wa sọ ọ́ lójú agbo. Lékè gbogbo rẹ̀, kí àwa náà mú tiwa wá.

Bí Ọ̀sẹ̀ Yorùbá tó ń bọ̀ bá dé, tí ọmọ ọdún kìíní kan dìde tí ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ìlà méjì tó sọnù ní Ìkòtún. Yinni yinni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Òmíràn náà ni a kò gbọdọ̀ pàdánù. Ire o.