Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Mú Ibà Pọ́njú Lọ: Ìtàn Iṣẹ́ Kan Lọ́wọ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì

Nínú ara gbogbo ọmọ tuntun, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ a máa gbó, a sì máa fọ́. Lára ohun tó ń ṣẹ́ kù bí wọ́n bá fọ́ ni bilirubin, ohun aláwọ̀ ìyeyè kan tí ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ tún ṣe kó tó lè yòrò nínú omi, kó sì bá òróòro jáde nínú ìgbẹ́. Ẹ̀dọ̀ ìkókó kò tíì gbówọ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ìdí nìyí tí ojú àti ara ọ̀pọ̀ ọmọ fi máa ń pọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí ni ibà pọ́njú. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ó ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bilirubin bá pọ̀ ju ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè gbé, yóò wọ inú ọpọlọ. Ọmọ tí kò bá sì kú nínú rẹ̀ lè di adití, tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣiṣẹ́ bó ti yẹ títí ayé. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá ti ìyá rẹ̀ mu, àti ọmọ tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà nínú ewu jù. Àìtó G6PD yìí wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá láàrin ọmọkùnrin. Òun ló fà á tí nọ́ọ̀sì kì í fi í fẹ́ gbóòórùn káńfọ̀ lára aṣọ ọmọ tuntun, nítorí káńfọ̀ a máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu.

Títí di àárín ọ̀rúndún ogún, ohun kan ṣoṣo tó dájú tí ilé ìwòsàn lè ṣe ni pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀: kí dókítà máa fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ jáde díẹ̀díẹ̀ láti ojú ìdodo, kó sì máa fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ń gba àkókò, ó léwu, ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ọmọ mu kì í sì í fi gbogbo ìgbà sí nílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà mìíràn. Ní ilé ìwòsàn ìlú Rochford, ní Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sister J. Ward ni olórí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ó gbà pé atẹ́gùn àti oòrùn tó rọra ń ràn sàn fún ìkókó ju ooru inú wọ́ọ̀dù lọ, nítorí náà, bí ojú ọjọ́ bá ti dára, a máa gbé wọn jáde sí àgbàlá. Ní ọdún 1956, ó tú aṣọ lára ọmọ kan níwájú àwọn dókítà. Gbogbo ara ọmọ náà ti ń mọ́, àfi ibì kan tó rí bí igun mẹ́ta tó ṣì pọ́n gidigidi. Dókítà R. H. Dobbs béèrè ohun tí ó fi kun ọmọ lára. Sister Ward ní òun ò fi nǹkan kan kùn ún. Ibi tí igun aṣọ bò ló pọ́n yẹn, ìyókù ni oòrùn ti mú àwọ̀ rẹ̀ ṣá.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, wọ́n fi ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn sílẹ̀ lójú fèrèsé yàrá àyẹ̀wò, oòrùn sì pa á fún wákàtí bíi mélòó kan. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bilirubin inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an sí ohun tí wọ́n ń retí. Ìgbà yìí ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ Sister Ward pọ̀ mọ́ ọn. R. J. Cremer, P. W. Perryman àti D. H. Richards wá ṣe ìdánwò náà bó ti yẹ, lórí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò àti lórí àwọn ọmọ fúnra wọn. Nítorí pé oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé gbára lé, wọ́n to gílóòbù gbọọrọ aláwọ̀ búlúù sórí ibùsùn ìkókó. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní The Lancet gbé e jáde ní 1958. Orúkọ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ló wà lórí iṣẹ́ náà. Ti Sister Ward kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò ní í ṣe hàà sí i.

Àwọn oníṣègùn Gúúsù Amẹ́ríkà tètè gbà á. Ní Bràsíì, H. C. Ferreira àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1960. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi falẹ̀ títí di 1968, nígbà tí Jerold Lucey ti Yunifásítì Vermont àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde lórí àwọn ọmọ 111 tí oṣù wọn kò pé. Láti ìgbà náà ni gílóòbù búlúù ti di ara ohun èlò wọ́ọ̀dù káàkiri ayé.

Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an pẹ́ kó tó yé àwọn tó ń lò ó. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń jó bilirubin di wẹ́wẹ́ ni. Èyí ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìwọ̀nba ni. Ní nǹkan bí 1980, Antony McDonagh ní San Francisco àti David Lightner ní Nevada jẹ́ kó yé aráyé pé yíyí ni ìmọ́lẹ̀ ń yí i padà. Apá méjèèjì molékù bilirubin a máa ká wọ inú ara wọn bí ewé patanmọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn. Apá tó lè bá omi dọ́gba wà nínú lọ́hùn-ún, kò fojú hàn. Àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ ló ń jẹ́ kó máa gba ìmọ́lẹ̀ búlúù mọ́ra ju àwọ̀ mìíràn lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá bá a nínú awọ ara, apá kan rẹ̀ a yí lójú ẹsẹ̀, molékù náà a sì ṣí. Láti ibẹ̀, ó lè wọ inú òróòro láìdúró de iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ kò tíì lè ṣe. Irú kejì tún wà tí wọ́n ń pè ní lumirubin. Èyí kì í tètè pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti yí, kì í yí padà mọ́, ó sì ń bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ lọ.

Oògùn ni ìmọ́lẹ̀, ó sì ní ìwọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ jù wà láàrin nánómítà 460 sí 490. Bí ìtọ́jú bá máa le, ó kéré tán, agbára rẹ̀ lára ọmọ gbọ́dọ̀ tó màíkrówáàtì 30 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan fún nánómítà kọ̀ọ̀kan. Ojú lásán kò lè mọ èyí. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Gílóòbù tó ti gbó lè máa tàn bí ìgbà tó wà ní tuntun, kó má sì wúlò fún ọmọ mọ́. Èyí tí wọ́n kàn fi ọ̀dà búlúù kùn, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Bí wọ́n bá sì gbé e jìnnà sí ọmọ, agbára rẹ̀ ti dín kù. Lójú nọ́ọ̀sì tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́ọ̀dù tó ní gílóòbù tí kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n kò mọ oògùn tó ń fún ọmọ.

Ìyókù iṣẹ́ náà, ọwọ́ ló ń ṣe é. Wọ́n á bọ́ ọmọ sí ìhòòhò, wọ́n á fi nàpíì tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ní ìdí, wọ́n á sì bo ojú rẹ̀. Wọ́n á máa yí i, wọ́n á máa fún un lọ́mú déédéé, nítorí ìgbẹ́ ni bilirubin ń bá lọ. Ìyá tó bá rí i pé ìgbẹ́ ọmọ rọ̀, tó sì ní àwọ̀ ewé, kó má ṣe bẹ̀rù. Òun ni wọ́n ń wá. Igun mẹ́ta tí Sister Ward rí náà ni ẹ̀tàn inú iṣẹ́ yìí: ara tí ìmọ́lẹ̀ ń bà a tètè mọ́, nígbà tí bilirubin ṣì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣí aṣọ ojú ọmọ díẹ̀, yóò rí i pé abẹ́ rẹ̀ ṣì pọ́n. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ pé ó ti tó kí wọ́n pa iná.

Ní Nàìjíríà, iná fúnra rẹ̀ ni ìṣòro. Gílóòbù tó dára jù láyé kò lè ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ, tí kò sì sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Oòrùn sì pọ̀, búlúù wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ìtànṣán tó ń jó awọ àti èyí tó ń mú ooru wá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Tina Slusher láti Amẹ́ríkà, Bolajoko Olusanya ní Èkó àti Hendrik Vreman ti Stanford wà lára àwọn tó wá ojútùú sí i. Irú ike tíńtẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé ni wọ́n fi ṣe àtíbàbà, kí ó máa sẹ́ oòrùn: búlúù á kọjá, ọ̀pọ̀ èyí tó léwu á dúró síta. Ní Island Maternity, Èkó, wọ́n pín ọmọ 447 sí ọ̀nà méjì; àwọn kan wà lábẹ́ àtíbàbà, àwọn yòókù wà lábẹ́ gílóòbù. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Oòrùn tí wọ́n sẹ́ ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ìtọ́jú, gílóòbù ní 90. Ara ọmọ díẹ̀ gbóná ju ìwọ̀n 38 lọ lábẹ́ àtíbàbà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí wọ́n ní láti yọ kúrò nítorí ewu, kò sì sí èyí tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, fún àwọn tí ibà pọ́njú wọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ 174. Ní 2018, wọ́n ròyìn pé oòrùn náà kò rẹ̀yìn sí gílóòbù alágbára.

Ìwádìí kò tíì dúró. Ní Aalborg, nílẹ̀ Denmark, Finn Ebbesen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi gílóòbù LED dán an wò bóyá àwọ̀ tó wà láàrin búlúù àti àwọ̀ ewé sàn ju búlúù gan-an lọ, nítorí ó ń mú lumirubin pọ̀ sí i. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò ńlá kan lórí ọmọ 1,974 tí wọn kò ju kílógíráàmù kan lọ, tó jáde ní 2008, fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ dín àbùkù ọpọlọ kù, àmọ́ iye tó kú láàrin àwọn tó fúyẹ́ jù pọ̀ díẹ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí wọ́n lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń wádìí bóyá títan iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan lè tó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Kò sí èyíkéyìí nínú ìwádìí wọ̀nyí tó ní kí ìyá gbé ọmọ sí oòrùn ẹ̀yìnkùlé, kó fún un ní omi gúlúkóòsì tàbí omi ewé ìbẹ́pẹ, kó sì máa retí. Ọmọ tó bá pọ́n láàrin wákàtí 24 àkọ́kọ́, tó kọ ọmú, tó ń sùn ju bó ti yẹ lọ, tàbí tó ń ké kíkankíkan, tó sì ń ká ẹ̀yìn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.