Ẹ̀rín Tí Kò Sí Nínú Fóònù Mi

Èdè ẹ̀fẹ̀ nínú fíìmù Yorùbá ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi dá lé. Ọ̀run Móoru, fíìmù Bàbá Sàlá tó jáde ní 1982, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ki íápíìsì bọ etí, mo ń da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ní àwọn ibì kan, ọ̀rọ̀ á kàn dúró díẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé mi pé: "Ó falẹ̀ jù."

Nígbà tí mo lọ kí Màmá Àgbà ní Iléṣà, wọ́n bá mi nídìí rẹ̀.

"Kí lò ń wò tó ò rẹ́rìn-ín, ọkọ mi?"

Mo ní Bàbá Sàlá ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé làwọn ti wò ó: aṣọ funfun lára ògiri, ẹ̀rọ tó ń kùn lẹ́yìn, àwọn ọmọdé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú. Mo fi ohun tí mo kọ hàn wọ́n.

"Kò falẹ̀ o. Ẹ̀rín wa ló yẹ kó wà níbẹ̀."

Ẹnu mi wọhò. Orí ìtàgé ni Bàbá Sàlá ti kọ́ṣẹ́. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí òṣèré dákẹ́ fún èrò ìwòran.

Kí owó fíìmù yẹn tó padà wọlé ni àwọn olè ti ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí fídíò, tí wọ́n ń tà á káàkiri. Gbèsè ló fi jẹ. Nígbà tó yá, fídíò gba ìgboro, kálukú jókòó sí pálọ̀ rẹ̀. Fóònù wá pín ará pálọ̀ náà sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi tí mò ń ráhùn yìí pàápàá, kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò mi lórí fíìmù náà.

Màmá Àgbà ní kí n yọ nǹkan etí yẹn. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ wọ́n ń gbọ́ràn. Wọ́n ké sí àwọn ará ilé kejì. Èèyàn mẹ́sàn-án ló yí fóònù kékeré kan ká. Nígbà tó dé ibi tí mo ní ó falẹ̀, ẹ̀rín sọ, gbólóhùn méjì sì bọ́ mọ́ mi létí.

Mo ti pa ohun tí mo kọ sí etí ìwé rẹ́.