Eré Kọ́ ni Ẹrù Ń Fẹ́

Ní lycée tí a ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ físíìsì ní Lomé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń péjọ pẹ̀lú wa ní ọ̀sán Ọjọ́rú, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Ní ọdún tí ó kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré oníná ni a dáwọ́ lé, irú èyí tí a ń fi rìmóòtù darí láti òkèèrè. Ìpinnu wa ni pé kí ó ru àpò omi 4, tí ìwọ̀n gbogbo wọn jẹ́ kílò 2, kí ó sì la àgbàlá kọjá lójú àwọn òbí ní ọjọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún. Owó tí ó yẹ kí àwọn ọmọ náà fi jẹun ní àkókò ìsinmi ni wọ́n dá jọ fún un.

A kò ṣe aláìní àwòkọ́ṣe. Ní ìlú yìí kan náà, ní ọdún 2013, Kodjo Afate Gnikou kó ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà àlòkù jọ ní WoeLab, ó sì fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tí a ń pè ní W.Afate. Àwọn ọmọ wa náà rí férémù àti táyà láti ara ohun ìṣeré àlòkù. Ẹ́ńjìnnì àti jíà nìkan ni a ní láti rà ní tuntun, ibẹ̀ gan-an ni a sì ti kọ́gbọ́n.

Ẹ́ńjìnnì tí a ń wí yìí kò ní charbon. Nínú ti àtijọ́, èédú kékeré ni ó ń fara kan ọ̀pá tí ń yí, kí iná lè dé inú wáyà. Ìfarakanra yìí a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú ti ìgbàlódé, wáyà dúró sójú kan, òòfà ni ó ń yí, pátákó iná kan ni ó sì ń pín iná fún àwọn wáyà náà lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n máa ń kọ Kv sí ara rẹ̀: iye ìgbà tí yóò yí ní ìṣẹ́jú kan fún fóltì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí kò ru ohunkóhun.

Méjì ni ó wà níwájú wa: 3900 Kv àti 2250 Kv. Lórí bátìrì fóltì 7.4 tí a ní, èkíní yóò yí ní ìgbà 28,860 ní ìṣẹ́jú kan, èkejì ní ìgbà 16,650. Eré wọ̀ wá lójú. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́, ó ní: “Monsieur, ẹ jọ̀ọ́, àgbàlá wa kì í ṣe títì ọ̀dà, iyanrìn ni. Ṣé kì í ṣe èyí tí ó lágbára ni ó yẹ kí a rà?” A rẹ́rìn-ín músẹ́, a ní kí ó fọkàn balẹ̀. A ra oní-3900. A fi jíà kékeré eléyín 18 sí ẹnu rẹ̀ láti máa yí jíà ńlá eléyín 54, èyí ni pé ẹ́ńjìnnì yóò yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí jíà ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọjọ́ ìdánwò, ọkọ̀ náà fò bí ọfà lórí sìmẹ́ńtì, àwọn ọmọ hó yèè. Nígbà tí a di omi lé e, tí ó wọ iyanrìn, ó ń gbọ̀n, kò lọ. A túbọ̀ tẹ rìmóòtù. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ òórùn wáyà tí ń jó. Ẹ́ńjìnnì tí kò ráyè yí a máa fa iná gidigidi. Bí iná tí ó ń fà bá sì di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tí a ń kọ sí ojú pátákó fún wọn ni èyí. Àwa fúnra wa ni a kò fi sílò.

Kò sí ọmọ tí ó bá wa wí. Ìdákẹ́jẹ́ wọn ni ó dùn wá jù, nítorí owó oúnjẹ wọn ni ó di èéfín. Ní Ọjọ́rú tí ó tẹ̀ lé e, a jẹ́wọ́ níwájú wọn pé àwa ni a ṣì í yàn, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà lójú gbogbo ẹgbẹ́. Àpò ara wa ni a fi ra oní-2250. Ọmọbìnrin náà ni ó yan jíà: ó fi eléyín 12 rọ́pò eléyín 18. Ẹ́ńjìnnì wá ń yí ní ìgbà 4.5 kí jíà ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìyípadà jíà yìí nìkan dín eré kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ó sì fi ìlàjì kún agbára ìfà.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kà wá, bí irú iṣẹ́ yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀, kí ẹ wọn ẹrù, kí ẹ tó bi ara yín léèrè nípa eré. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ dá ọkọ̀ dúró, kí ẹ rọra fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì: bí ọwọ́ kò bá lè gbé orí rẹ̀, ẹ dín eyín jíà kékeré kù.

Ní ọjọ́ ayẹyẹ, ọkọ̀ wa rìn jẹ́jẹ́ bí ìyá àgbà tí ń ti ọjà bọ̀. Ó la iyanrìn kọjá, àpò omi kan kò já bọ́. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń pa òwe yìí fún àwọn ọmọ. Ẹ́ńjìnnì jíjóná tí ó wà lórí tábìlì wa títí di òní ni ó kọ́ àwa náà láti gbọ́ ọ.