Etí Ẹlẹ́rọ ní Ìlerò

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé láfún dé iwájú Bàbá Ẹlẹ́rọ ní Ìlerò, kì í yára da á sí ẹnu ẹ̀rọ. Yóò mú ègé kan nínú igbá, yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí, yóò sì kán an sí méjì. Bí ìró rẹ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ègé náà bá ṣẹ́ láìdún, yóò dá igbá padà fún ẹni tí ó gbé e wá. "Ìyá, èyí kò tíì gbẹ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ tún un sá." Ìyá oníláfún lè ráhùn pé oòrùn kò mú, tàbí pé ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù lọ sí Ìbàdàn ti ń dúró. Ọkùnrin náà kò ní lọ̀ ọ́. Ó mọ̀ pé láfún tí kò gbẹ yóò lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀rọ, àti pé bí a tilẹ̀ lọ̀ ọ́ tán, yóò bu nínú àpò kí ó tó dé ọjà Bódìjà.

Ìgbìmọ̀ Codex tí àjọ FAO àti WHO jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1963 ti fi ìlànà lélẹ̀ pé omi tí ó wà nínú gaàrí kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 lọ nínú 100. Ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọn irú omi bẹ́ẹ̀. Ní Ìlerò, etí ni òṣùwọ̀n láfún. Kò sí àní-àní pé etí lè ṣìnà, ṣùgbọ́n etí tí ó ti gbọ́ kíkán láfún fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kì í ṣìnà lọ títí.

Ọkùnrin yìí kò gba ìmọ̀ náà ní ọjọ́ kan. Ọdún mẹ́ta ni ó fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe òmìnira fún un, ìwé-ẹ̀rí òmìnira náà sì wà lára ògiri ìsọ̀ rẹ̀ títí di òní, bí ìyẹ̀fun tilẹ̀ ti bo ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń mọ̀ láti inú dídún ẹ́ńjìnì pé irin méjì tí ń lọ nǹkan ti fún ara wọn jù. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ pé bí a bá pààrọ̀ irin sí tuntun, èérí ni a ó kọ́kọ́ lọ̀, a ó sì dà á nù, kí àhọ irin má bàa wọ inú oúnjẹ ẹlòmíràn. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ẹrù rẹ̀ yóò tẹ̀lé ti ta ni, nítorí ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń tẹnu mọ́ jù ni pé, "Ẹ má fi tèmi tẹ̀lé ata o!" Ó yani lẹ́nu pé ìmọ̀ tí ó kún tó báyìí kò ní àyè nínú ohun tí a ń pè ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Òkè-Ògùn. Kí ó tó dé, ọlọ àti odó ni a fi ń ṣe ìyẹ̀fun, páànù tí a fi ìṣó lu ní ihò sì ni àwọn obìnrin fi ń rin ẹ̀gẹ́ tí wọn yóò fi ṣe gaàrí. Kò sí obìnrin tí ó rin ẹ̀gẹ́ lórí páànù tí kò ní àpá rẹ̀ ní ọwọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnì dé, ó gba ìyà náà kúrò lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń darí rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ń gba owó rẹ̀. Bóyá nítorí pé apá sinmi ni kò fi sí ẹni tí ó bá wọn wí. Síbẹ̀, agbára nìkan ni ẹ̀rọ ìgbà náà gbà. Obìnrin tí ó rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi ṣì ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gbé e jáde, ẹni tí ó ń yan gaàrí sì ń fi ọwọ́ mọ bí iná ṣe gbọdọ̀ rí. Ọgbọ́n ìdájọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ènìyàn.

Ìdájọ́ yìí gan-an ni ẹ̀rọ ayé òde òní ń gbà. Ní abúlé Aláyìdé, lẹ́bàá Àdó-Àwáyè, ilé iṣẹ́ Psaltry ń sọ ẹ̀gẹ́ di sítáàṣì àti ìyẹ̀fun. Ní ọdún 2022, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú ẹ̀gẹ́ ṣe sorbitol, ohun adùn tí a ń lò nínú ọṣẹ ìfọyín àti oògùn. Ní irú ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, kì í ṣe etí ni a fi ń mọ gbígbẹ; ẹ̀yà kéékèèké inú ẹ̀rọ ni ó ń wọn ooru àti omi, òṣìṣẹ́ sì jókòó síwájú gíláàsì tí nọ́ńbà ń hàn lójú rẹ̀. Ti ìrẹsì tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a ṣí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ni wọ́n kọ́ láti lè ṣiṣẹ́ lórí tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan. Ta ni yóò fi ọwọ́ ṣa èyí? Kámẹ́rà ni àwọn ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá fi ń wo hóró kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń já bọ́, tí afẹ́fẹ́ yóò sì fẹ́ èyí tí kò dára dànù kí ojú tó ṣẹ́.

Níbo wá ni kámẹ́rà ti mọ èyí tí kò dára? Ibi tí ọ̀rọ̀ òye àtọwọ́dá wà nìyí. Ohun èlò orí fóònù tí wọ́n ń pè ní Nuru, tí ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA tí ó wà ní Ìbàdàn àti Yunifásítì ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà jọ lọ́wọ́ sí, lè wo ewé ẹ̀gẹ́ kí ó sì sọ irú àrùn tí ó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ni ó kọ́kọ́ to ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ewé jọ, tí wọ́n sì wí pé, "Eléyìí ṣàìsàn, eléyìí kò ṣàìsàn." Ohun tí ènìyàn ti mọ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò mọ láfún gbígbẹ láti inú ìró, irú etí tí ó wà ní Ìlerò ni yóò wá kiri. Kò tíì sí ẹni tí ó bi Bàbá Ẹlẹ́rọ ní ohunkóhun. Kò sì sí ìwé tí a kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó fi ń ya ìyẹ̀fun tí ó kúnná sọ́tọ̀ sí èyí tí ó ní kókó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ẹlẹ́rọ kò ṣọ̀wọ́n ní kíláàsì àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá.

Àwọn kan rò pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n bá wọ ìsọ̀ ni iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ. Bóyá kò ní wọ ibẹ̀ rárá. Láàárín wákàtí 48 sí 72 tí a bá wú ẹ̀gẹ́ ni ó ti ń bàjẹ́, ilé iṣẹ́ ńlá sì ń fẹ́ ẹ ní tútù. Àgbẹ̀ tí ó bá rí ọkọ̀ tí yóò kó o ní eteetí oko kò ní bó o, kò ní rẹ ẹ́, kò sì ní sá a. Igbá tí kò dé ìsọ̀ mọ́ ni ẹlẹ́rọ yóò rí, kò ní rí ẹ̀rọ tí ó gbà á. Èyí tilẹ̀ bá a nígbà tí owó epo dísẹ́ẹ̀lì ti ga láti ọdún 2022, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ń mu ún bíi ti àtẹ̀yìnwá. Bí ó bá sì ní kí òun lọ wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ńlá, ìwé-ẹ̀rí pólì ni irú iṣẹ́ ìdí gíláàsì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń béèrè, kì í ṣe ìwé òmìnira tí ìyẹ̀fun bò.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Pólì Òkè-Ògùn ní Ṣakí, ó ń kọ́ nípa iná mọ̀nàmọ́ná. Bí ó bá wá sílé ní ìsinmi, ó máa ń bá bàbá rẹ̀ yí ẹ́ńjìnì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé igbá láfún wá. Bàbá kò dìde. Ó mi orí sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ mú ègé kan, ó kán an, ó sì wo ojú bàbá.

"Mà á lọ̀ ọ́, Bàbá?"

"Kí ni o gbọ́?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó mú ègé mìíràn.