Oúnjẹ Tí Kò Gba Ọ̀fun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ebi kan wà tí kì í pariwo: ebi ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ la ikùn rẹ̀.

Nígbà tí ibà táífọ́ọ̀dù lu ìfun àbúrò mi, láti Àkúrẹ́ ni a ti gbé e lọ sí Oǹdó fún iṣẹ́ abẹ. Ó di ọjọ́ kẹrin, ìfun kò tíì jí. Ìyá wa gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ kan ẹnu. Ẹ̀gbọ́n wa tọ́ka sí omi tí ń kán wọ iṣan, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, oúnjẹ nìyẹn."

Ìyá wa ní, "Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ ni, kí ló dé tí òrùka ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi?"

Dókítà gbọ́, ó sì gbè é lẹ́yìn. Nínú líítà kan omi ṣúgà tí a sábà máa ń fà sí aláìsàn lára, gíráàmù 50 péré ni ṣúgà. Kò sí ọ̀rá níbẹ̀, kò sí èròjà tí ń mú ara dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbẹ́ kò lè ṣe aláìjẹun. Bí kò bá rí oúnjẹ láti òde, ẹran ara aláìsàn ni yóò máa jẹ.

Oúnjẹ iṣan gan-an wà. Ní 1968, Stanley Dudrick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia fi hàn pé ẹ̀dá lè dàgbà lórí oúnjẹ tí ó gba iṣan nìkan wọlé. Ṣáájú wọn, Arvid Wretlind ní Sweden ti fi òróró sóyà ṣe ọ̀rá tí iṣan lè gbà. Lẹ́yìn náà ni òróró ẹja dé, nítorí pé ọ̀rá omega-3 inú rẹ̀ a máa pẹ̀tù sí wíwú àti gbígbóná tí ọ̀bẹ ń dá sílẹ̀ nínú ara. Kì í ṣe òróró ẹja inú ìgò ọjà o. Ẹni tí ó bá fa ìyẹn sí iṣan, ikú ni ó ń pè.

Oúnjẹ iṣan wọ́n, ó sì lè gbé kòkòrò àrùn wọ ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí ìfun bá ti jí, ẹnu ni ọ̀nà tí ó dára jù. Apá wa kò ká owó rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ni ìfun àbúrò mi jí, tí ó mu ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ẹran ara rẹ̀ tó padà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, èdè wa kò purọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí: "wọ́n fa omi sí i lára" ni a ń wí. Láti 2015 ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn ti wà ní Oǹdó, ó sì ní ilé ìwòsàn. Kí àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ mọ Yorùbá tí wọn yóò fi ṣàlàyé fún ẹbí aláìsàn pé omi yàtọ̀ sí oúnjẹ, kí ẹbí náà sì lè béèrè láìbẹ̀rù pé, "Dókítà, kí ni ó ń jẹ?"