Ohùn Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Gbọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dìde nídìí oúnjẹ, wọ́n fi etí ti ògiri, wọ́n sì ní kí n wá gbọ́ èébú tí aládùúgbò wa ń bú àwọn. Mo fi etí tì í. N kò gbọ́ ju ẹ̀rọ amúnáwá tí ń dún lókèèrè lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀."

Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ náà ti wà lára wọn."

Odindi oṣù méjì ni mo fi bá wọn jiyàn. Mo tilẹ̀ fi hàn wọ́n pé ọkùnrin náà ti rin ìrìn-àjò. Lọ́jọ́ tí inú bí mi, mo pè wọ́n ní orúkọ tí àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n. Ìmọ̀ èdè Yorùbá ni mo kà gboyè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni ó wá sí mi lẹ́nu.

Nígbà tí dókítà sọ pé schizophrenia ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé èrò Chris Frith, onímọ̀ ìfìṣemọ̀rònú ará Ìlú Ọba, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1992. Gbogbo wa ni à ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú. A máa ń wí pé, "Ọkàn mi ní kí n má lọ," a sì mọ̀ pé ọkàn tiwa ni. Lójú Frith, ọpọlọ ní ọ̀nà tí ó fi ń dá ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ wá mọ̀. Bí ọ̀nà yìí bá dàrú, ọ̀rọ̀ inú ẹni yóò dà bí ọ̀rọ̀ àlejò.

Ìdí kan náà ni ènìyàn kò fi lè fi ìka kan ara rẹ̀ ní abíyá kí ẹ̀rín pa á: ọpọlọ ti mọ̀ ṣáájú pé ìka náà ń bọ̀. Ṣáájú Frith pàápàá, ní 1949, Louis Gould fi ẹ̀rọ gbé ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí aláìsàn kan ń sọ lábẹ́ ètè sókè. Ó bá ohun tí aláìsàn náà ní àwọn ohùn ń sọ mu.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ó fi jẹ́ aládùúgbò? Ní 1988, Philippa Garety àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ìkòkò ìlẹ̀kẹ̀ méjì, àwọ̀ kan pọ̀ nínú ọ̀kan, àwọ̀ kejì pọ̀ nínú èkejì. Wọ́n ń yọ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ènìyàn lè sọ ìkòkò tí ó ti wá. Àwọn tí èrò òdì ti gbà lọ́kàn tètè máa ń dájọ́ ju àwọn yòókù lọ, ọ̀pọ̀ wọn lórí ìlẹ̀kẹ̀ kan tàbí méjì. (Èmi náà ti dájọ́ ènìyàn lórí ìlẹ̀kẹ̀ kan rí, n kò sì ṣàìsàn.)

Àlàyé yìí kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Oògùn ni ó dín ohùn náà kù. Ṣùgbọ́n mo dẹ́kun iyàn jíjà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo béèrè ohun tí ohùn náà ń sọ.

"Ó ní n kò wúlò fún Màmá."

"Ṣé ẹ̀yin náà máa ń rò ó bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. "Lójoojúmọ́."

Títí di òní, ó ṣì máa ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn á gbé ṣíbí dúró, wọn á ní, "Ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi, n kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yin gbọ́ ọ."

Wọn á mi orí, a ó sì máa jẹun wa lọ.