Òkè Ìdànrè Lójú Ará Etí Òkun

Àwa tí ń gbé Aráròmí, ní etí òkun Ìlàjẹ, kì í sábà gbé ojú sókè wá ọ̀nà. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ: òkun níwájú, ọ̀sà àti àbàtà lẹ́yìn, bóyá ni ohun kan ga níbẹ̀ ju igi àgbọn lọ. Nítorí náà, nígbà tí àwa mélòó kan pinnu láti lọ wo Òkè Ìdànrè, àwọn àgbà ilé bi wá léèrè ohun tí ẹja ń wá lórí àpáta.

A wọ ọkọ̀ ojú omi dé Igbókòdá; níbẹ̀ ni a ti wọ mọ́tò, a gba Òkìtìpupa àti Orè lọ sí Àkúrẹ́, a sì yà sí Ìdànrè. Ẹ̀yin olùkàwé tí ẹ ti dé ibẹ̀ rí kò ní bi wá bóyá ẹ̀rù bà wá. Àwọn àpáta náà yọ láàárín igbó àti oko kòkó, ọ̀kan ń yọjú lẹ́yìn èjìká èkejì, èyí tí ó sì ga jù lọ nínú wọn tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. Àtẹ̀gùn tí a ó gùn lé ní 600. Àwa tí a lè tu ọkọ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán láì kérora ni a ń mí hẹlẹ, tí a sì ń jókòó ní gbogbo ibi ìsinmi tí wọ́n ṣe sí ọ̀nà!

Lókè ni ìlú àtijọ́ wà. Ààfin Ọwá ṣì dúró, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ tí a kọ́ ní 1906, àti ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1896. Ojú ẹsẹ̀ kan wà lórí àpáta tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn. Ìtàn wọn sọ pé ẹsẹ̀ ọmọdé àti ti àgbà ni ó ń bá mu, àfi ti àjẹ́. Kì í ṣe gbogbo wa ni ó yá lára láti dán an wò.

Ní Berat, ní ilẹ̀ Albania, odi kan wà lórí òkè tí àwọn ọba Byzantium tún mọ, tí àwọn Ottoman sì gbà ní 1417. Ọmọ ènìyàn ni ó gé òkúta rẹ̀, ènìyàn sì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní. Ti Ìdànrè yàtọ̀, nítorí ògiri rẹ̀ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó dé. Kí ni ogun fẹ́ fi ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe, nígbà tí àwọn onílé wà lókè tí wọ́n ń wo ẹni tí ń bọ̀?

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀. Ogun ti tán, oko àti ọjà wà nísàlẹ̀. Láàárín 1923 sí 1933 ni wọ́n kó lọ. Àpáta sì bá wọn tọ́jú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

Àwa náà ní odi tiwa, omi ni. Ẹlẹ́ṣin kò lè lé ọkọ̀ wọ inú àbàtà. Àwọn baba wa ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́lé lé e, wọ́n sì fi ọkàn balẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n odi náà ti kọjú sí àwọn onílé. Ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ lọ, kò sì tíì yó.

Bàbá kan wà nínú wa tí a bí sí Ayétòrò. Ó fi ọwọ́ kan ògiri ààfin náà pẹ́ títí, ó sì bi amọ̀nà wa léèrè iye ọdún tí àwọn onílé ti lọ. Amọ̀nà ní ó ti tó 90 ọdún, òun náà sì bi bàbá ní ibi tí ilé tirẹ̀ wà. Bàbá na ọwọ́ sí ìhà gúúsù. Ó ní bí apẹja kan bá ju ìdákọ̀ró síbẹ̀ lónìí, bóyá ni kò ní kan òpó ilé ìyá òun.